Yàrá Kékeré, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Bí Òde Orin Indie Ṣe Ń Pẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta la jọ ń gbé ní ìlú ńlá kan, orin indie la sì fẹ́ràn jù, ìyẹn orin àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe é fúnra wọn láìsí ilé-iṣẹ́ awo ńlá lẹ́yìn wọn. A fẹ́ dá òde alẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa wáyé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọn ẹgbẹ́ olórin kéékèèké á máa ṣeré níbẹ̀, DJ á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn di òru. Àyè méjì ló ṣí sílẹ̀ fún wa. Ọ̀kan jẹ́ gbọ̀ngàn tó ń gba ènìyàn 600 lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Owó rẹ̀ wọ́n, a sì gbọ́dọ̀ san án ṣáájú. Èkejì jẹ́ yàrá abẹ́ ilé ọtí kan tó ń gba 120, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó ni ín kò ní gba owó ilé, ó ní èrè orí ọtí tó òun. Èwo ni ká mú? Báwo la ṣe máa sanwó fún àwọn olórin? Kí la sì máa ṣe tí kò fi ní kú lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta bíi ti ọ̀pọ̀ tí a ti rí?

Ìdáhùn: Ẹ mú yàrá abẹ́ ilé yẹn, ẹ sì mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo mọ̀ pé gbọ̀ngàn ńlá ló ń wọ̀ yín lójú, ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ni gbogbo ayé ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ pé ènìyàn 100 ló wá. Nínú yàrá tó ń gba 120, òde ti kún nìyẹn. Ooru ara á mú, ariwo á dìde, olórin á máa rí ojú àwọn tó ń kọrin fún, ẹni tó wá á sì lọ ròyìn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé díẹ̀ ló kù kóun má ráyè wọlé. Ẹ wá kó àwọn 100 yẹn kan náà sínú gbọ̀ngàn tó ń gba 600. Wọ́n á lọ fara ti ògiri, àárín á ṣófo, kò sì sẹ́ni tí yóò fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa jó. Orin ò yí padà, èrò ò dín, síbẹ̀ àwọn tó wá á lọ sílé pẹ̀lú èrò pé òde náà kò mú.

Ilé ijó Haçienda ní ìlú Manchester kọ́ gbogbo wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ilé-iṣẹ́ awo orin Factory àti ẹgbẹ́ olórin New Order ló kówó lé e, wọ́n sì ṣí i ní oṣù karùn-ún ọdún 1982. Ben Kelly ló ya àwòrán bí inú rẹ̀ ṣe máa rí, ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ayàwòrán ilé ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dòní. Síbẹ̀, ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ alẹ́ ni ìwọ̀nba ènìyàn máa ń wà nínú àyè ńlá yẹn, tí òtútù á máa mú wọn, tí ohùn orin á máa ta padà lára ògiri. Owó awo tí New Order ń tà ló gbé e ró títí ọjọ́ tó fi kún. Ẹ̀yin ò ní irú owó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, torí náà ẹ má yá gbèsè nítorí àyè tí ẹ ò tíì ní èrò tó máa kún un.

Ní ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àǹfààní ni mo kà á sí. Ẹ wo ìtàn irú orin yìí, àwọn ọjọ́ tí ilé ọtí ń ṣófo ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Hilly Kristal ṣí ilé ọtí CBGB ní àdúgbò Bowery, ní New York, ní òpin ọdún 1973. Nígbà tí ẹgbẹ́ Television kọ́kọ́ ṣeré níbẹ̀ ní òpin oṣù kẹta ọdún 1974, ọjọ́ Àìkú ló fún wọn. Ní London, 100 Club tó wà ní Oxford Street gbàlejò àjọ̀dún orin pọ́ńkì, orin gìtá aláriwo yẹn, ní ọjọ́ 20 àti 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, Sex Pistols, The Clash, Buzzcocks àti The Damned sì wà lára àwọn tó ṣeré. Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ méjèèjì. Yàrá abẹ́ ilé ni 100 Club náà, kò sì ju nǹkan bí ènìyàn 350 tó ń gbà. Nígbà tó sì di ọdún 1997, DJ Erol Alkan dá òde kan tó ń jẹ́ Trash sílẹ̀ ní London. Ọjọ́ Ajé ló ń wáyé, ó sì lo ọdún 10 gbáko. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ fojú rí àwọn ẹgbẹ́ olórin bíi LCD Soundsystem àti Yeah Yeah Yeahs.

Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Yàrá tó máa ṣófo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kò pa owó kankan fún olóhun, ìdí nìyẹn tó fi lè fi í lé yín lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ olórin tó ń rin ìrìn àjò láti ìlú dé ìlú ti ní ibi tí yóò ti ṣeré lọ́jọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta. Ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ ló máa ń ṣófo fún un, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ sì wà nínú kíkún ọjọ́ yẹn, nítorí náà á gba owó tí kò ní gbà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn olórin ìlú yín, àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn, àwọn tó ń ta ọtí níbòmíràn, òpin ọ̀sẹ̀ ni iṣẹ́ tiwọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ráyè. Mo fẹ́ràn irú èrò bẹ́ẹ̀ ju gbogbo èrò lọ, torí ẹni tó jáde nílé lálẹ́ ọjọ́ tó máa jí lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, orin ló bá wá.

Ohun tí ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ yín ni òtítọ́ nípa àkókò. Ẹ kọ aago tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gun pèpéle síta, kí ó sì jẹ́ aago tó dájú. Ẹ wo ìgbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn ń lọ nílùú yín, kí ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn parí kí ọkọ̀ náà tó lọ. Ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀ nítorí yín lẹ́ẹ̀kan kò ní padà wá mọ́.

Kí ẹ tó dúpẹ́ lọ́wọ́ olóhun ilé, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: èló ló ń retí lórí ọtí, ta ló sì máa san ìyókù bí kò bá pé? Àwọn kan á ní ọ̀fẹ́ ni, tó bá wá di òru, wọ́n á ní owó ọtí kò tó, kí ẹ san èyí tó kù. Kíkún yàrá kò túmọ̀ sí pé ọtí tà. Haçienda yẹn náà, nígbà tó wá kún dẹ́nu nígbẹ̀yìn àwọn ọdún 1980, omi ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jó ń mu, torí oògùn olóró ti gba ipò ọtí, owó sì ń bọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé pé ẹ ò jẹ olóhun ilé ní gbèsè kankan lórí ọtí.

Ó wá kan owó olórin, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Orin indie dìde láti inú kí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan rẹ̀, kí owó náà sì hàn sí gbogbo ẹni tó ṣe é. Buzzcocks yá £500, wọ́n sì fúnra wọn tẹ ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà àwo orin wọn, èyí tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 1977, láìwo ojú ilé-iṣẹ́ ńlá kankan. Ilé-iṣẹ́ Rough Trade tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé awo jáde ní ọdún 1978 máa ń yọ owó tí wọ́n ná kúrò, wọ́n á sì pín èrè tó kù sí méjì dọ́gbadọ́gba pẹ̀lú olórin. Ohun tí ẹ̀yin náà máa ṣe nìyẹn ní ẹnu ọ̀nà, ó kàn jẹ́ pé tiyín gbọ́dọ̀ sàn fún olórin jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òun ló kó èrò wá.

Mo dábàá pé kí ẹ ṣe é báyìí. Ẹ kọ gbogbo ohun tí alẹ́ náà máa ná yín sílẹ̀ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni: ẹni tó máa bójú tó ẹ̀rọ ohùn, ẹni tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, pósítà, ohun èlò tí ẹ bá yá. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn olórin. Owó kékeré kan wà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbà bó ti wù kó rí, ìbáà jẹ́ pé òjò lé gbogbo èrò sílé. Tí owó ẹnu ọ̀nà bá ti kọjá ìnáwó, kí èyí tó pọ̀ jù nínú tó ṣẹ́kù jẹ́ ti àwọn olórin, kí ìwọ̀nba díẹ̀ wọ àpò òde náà fún oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ka èrò lọ́wọ́. Tí alẹ́ bá parí, ẹ fi iye tó wà lójú ẹ̀rọ náà han àwọn olórin, kí ẹ kà á lójú wọn, kí ẹ sì sanwó kí wọ́n tó di ẹrù sínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ owó tó dọ̀la ló ń di ìjà.

Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni láé pé kí olórin san owó kó tó ṣeré, tàbí kí ẹ di tíkẹ́ẹ̀tì rù ú pé tí kò bá tà á tán, òun ló máa san án. Ní Los Angeles, ní àwọn ọdún 1980, àṣà yìí gbilẹ̀ láwọn ilé ijó òpópónà Sunset Strip, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin ló sì ń náwó ara wọn láti gun pèpéle. Ìrẹ́jẹ ni. Òde tó bá ń gbowó lọ́wọ́ olórin ti di ilé ayálégbé, kò bìkítà mọ́ bóyá orin náà dùn tàbí kò dùn.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta tó fún alẹ́ kan. Ìṣẹ́jú 25 sí 30 fún ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnì kejì, 45 fún ẹni tó kẹ́yìn, 15 sí 20 láàárín wọn láti pààrọ̀ ohun èlò. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn lo jáàsì kan náà, ìyẹn àkójọ ìlù tí ẹnìkan ń jókòó lù, àti ẹ̀rọ tí gìtá ń gbà sọ̀rọ̀ kan náà, kí onílù kọ̀ọ̀kan kàn mú snare rẹ̀ (ìlù pẹlẹbẹ inú jáàsì), àwọn awo idẹ rẹ̀ àti èyí tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ wá láti ilé. Bí wọ́n bá ń dán ohùn wò ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tó máa ṣeré kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ dán an wò, kí ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ gbẹ̀yìn. Nígbà náà, tí ilẹ̀kùn bá ṣí, bí pèpéle ṣe wà ni ẹni àkọ́kọ́ ṣe máa lò ó, kò sí ohun tí ẹ tún máa tò.

Ẹ fi sọ́kàn pé yàrá òfìfo máa ń parọ́. Ara ènìyàn ń gba ohùn mọ́ra, pàápàá ohùn tó lọ sókè, nítorí náà ohun tó ń ta létí ní aago mẹ́fà lè rọ̀ dáadáa nígbà tí èrò bá kún. Onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn tó mọ yàrá náà tẹ́lẹ̀ ṣe pàtàkì ju sípíkà olówó ńlá lọ. Bí olóhun ilé bá ní ẹnìkan tó ń ṣe é fún un, òun ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì san án dáadáa. Nínú yàrá kékeré tí òrùlé rẹ̀ lọ sílẹ̀, jáàsì fúnra rẹ̀ ti pariwo tó, ohùn akọrin ló nílò ìrànlọ́wọ́. Àwọn olórin tí kò tíì dàgbà nínú iṣẹ́ máa ń yí gìtá sókè láti bá ìlù jà, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ orin mọ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yí i sílẹ̀.

Etí náà ṣe iyebíye. Ìlànà tí àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ dábàá ní Amẹ́ríkà ni pé etí lè gba ìwọ̀n ariwo 85 dẹ̀síbẹ̀lì fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, àti pé bí ó bá ti fi 3 lé e, àkókò náà dín sí ìdajì. Tó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde fún irú ibi bẹ́ẹ̀: kí ìpíndọ́gba ohùn láàárín ìṣẹ́jú 15 má kọjá 100, kí wọ́n pèsè ohun tí èrò lè fi dí etí, kí ibi tó dákẹ́ díẹ̀ sì wà tí ènìyàn lè lọ sinmi sí. Ẹ ra fóòmù kékeré tí wọ́n fi ń dí etí, ẹ gbé e sí ẹnu ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ̀yin tí ẹ máa wà níbẹ̀ lóṣooṣù sì lo tiyín.

Èyí tí mi ò ní gba àwáwí kankan lórí rẹ̀ ni iná àti ọ̀nà àjáde. Abẹ́ ilé ni yàrá yín. Ṣé ọ̀nà méjì ló wà tí ènìyàn lè gbà jáde, àbí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo? Ṣé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń ṣí, àbí wọ́n ti fi páálí ọtí dí i? Kí lẹ rí lára ògiri? Ní oṣù kejì ọdún 2003, ènìyàn 100 ló kú ní ilé ijó Station ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí iná aláràbarà tí ẹgbẹ́ olórin tàn lórí pèpéle ran fóòmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kí ariwo má baà jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilé ijó Kiss ní Santa Maria, ní Brazil, ó sì pa ènìyàn 242. Ní ọdún 2015 ó tún ṣẹlẹ̀ ní Colectiv, ní Bucharest, àwọn tó kú lé ní 60. Iná pèpéle àti fóòmù ló fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn èrò kò sì rọ́nà jáde kíákíá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, ènìyàn 36 kú ní ilé ìkẹ́rùsí Ghost Ship ní Oakland níbi òde orin kan, nínú ilé tí kò ní ìwé àṣẹ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn orin bíi tiyín ni púpọ̀ nínú wọn. Kí ojú má ríbi, gbogbo ara loògùn ẹ̀. Ẹ béèrè ìwé tó sọ pé 120 ni yàrá náà lè gbà, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá àwọn olórin wà nínú iye yẹn. Ẹgbẹ́ mẹ́ta tó ní ènìyàn mẹ́rin mẹ́rin ti gba àyè 12. Bí ẹ bá rí fóòmù tí kò sẹ́ni tó lè sọ irú èyí tó jẹ́, tàbí ilẹ̀kùn tí kò ṣeé ṣí, ẹ wá ibòmíràn.

Ẹ béèrè ìwé àṣẹ mìíràn pẹ̀lú: èyí tó fàyè gba kí wọ́n fi orin olórin ṣeré ní gbangba, tí olóhun ilé sábà máa ń ní, àti èyí tó fàyè gba ijó. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní New York, láti ọdún 1926 títí di 2017, òfin kan wà tó ka ijó léèwọ̀ nínú ilé ọtí tí kò ní ìwé àṣẹ pàtàkì. Ní Japan, ìgbà tó di ọdún 2016 ni àtúnṣe tó jẹ́ kí ilé ijó lè ṣí kọjá ọ̀gànjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwọn aládùúgbò ńkọ́? Ohùn ìlù ńlá máa ń gba inú ògiri àti ilẹ̀ kọjá, ilẹ̀kùn títì kì í dá a dúró. Ìpínlẹ̀ Victoria ní Australia láti ọdún 2014, àti England láti 2018, ti fi í sínú ìlànà ìkọ́lé wọn pé ẹni tó bá wá kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ibi orin tó ti wà níbẹ̀ ni kó dáàbò bo ilé ara rẹ̀ lọ́wọ́ ariwo. Irú ìlànà yẹn ò sí níbi gbogbo. Ẹ lọ kí àwọn tó ń gbé lókè yàrá yín kí òde tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà fóònù tí ẹnìkan máa gbé lóru náà. Ẹni tó rí yín bá sọ̀rọ̀ kì í tètè pe ọlọ́pàá.

Ọ̀pọ̀ òde ló ń dá DJ sí apá kan bí ohun tí wọ́n fi ń kún àyè, ó sì máa ń dùn mí, torí níbẹ̀ ni òde yín ti máa ní ojú tirẹ̀. Àwọn olórin á yí padà lóṣooṣù, àmọ́ DJ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Láàárín ẹgbẹ́ kan àti èkejì, kí orin rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè sọ̀rọ̀ síra wọn, kó má sì fi orin ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ síta. Tí ẹni tó kẹ́yìn bá parí, kí DJ mú orin wọlé lójú ẹsẹ̀, kí pàtẹ́wọ́ tó rọlẹ̀, torí bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá fi lè wọlé, ẹ̀wù ni gbogbo wọn máa lọ mú. Orin tí wọ́n mọ̀ ni kó fi kó wọn jọ. Lẹ́yìn orin méjì tàbí mẹ́ta, kó fi èyí tí wọn ò gbọ́ rí sí i, lẹ́yìn náà kó dá wọn padà sí èyí tí wọ́n mọ̀. Nígbà tí ẹnìkan bá sáré wá béèrè pé, "Orin ta nìyẹn?", ẹ fi ayọ̀ dá a lóhùn, kí ẹ kọ orúkọ orin náà sí i lọ́wọ́ bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń béèrè yẹn ló máa di ará òde yín.

Òde tó ń kú lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ohun tó sábà ń pa á ni pé ìgbà àkọ́kọ́ ni wọ́n fi gbogbo agbára ṣe. Gbogbo ọ̀rẹ́ wọn ló wá lóṣù àkọ́kọ́, ìdajì wá lóṣù kejì, lóṣù kẹta ó ku àwọn olórin àti àwọn tó bá wọn wá. Ọ̀rẹ́ kì í ṣe èrò. Ẹ má ná ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọwọ́ yín lọ lóṣù àkọ́kọ́, kí ẹ sì kéde déètì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà sórí pósítà kan. Ẹ gba ímeèlì ẹni tó bá fẹ́ fún yín lẹ́nu ọ̀nà, torí ìkànnì ayélujára lè pinnu lọ́la pé òun ò ní fi ìkéde yín han ẹnikẹ́ni. Ẹ pín iṣẹ́ báyìí kí ìbínú má baà pín in fún yín: ẹnìkan fún olórin, ẹnìkan fún owó àti ẹnu ọ̀nà, ẹnìkan fún ìkéde. Kí ẹni tó mú owó má jẹ́ ẹni tó ń yan olórin.

Kí ẹ tó kàn sí olórin kankan, ẹ padà lọ bá olóhun ilé lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ní kó fún yín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù fún oṣù mẹ́fà, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá ní ẹyọ kan lòun lè fún yín, káwọn kọ́kọ́ wò ó ná, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá yàrá kékeré mìíràn.